Kí ẹ tó sanwó fóònù tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó fóònù tuntun, ẹ fa àwo kékeré tí síìmù ń jókòó sí jáde, kí ẹ wò ó bóyá àyè mẹ́mọ́rì káàdì wà níbẹ̀. Samsung yọ ọ́ kúrò lára Galaxy S21 lọ́dún 2021. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí mo ra ti màmá mi. Káàdì tí fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà nínú ẹ̀ kò ríbi wọ̀. Ó dùn wọ́n gan-an. Káàdì ríídà, ìyẹn ohun kékeré tí a ń ki káàdì bọ̀ kí fóònù lè kà á, tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ Type-C ló gbà wá. Ẹni tó bá fẹ́ràn rédíò, ẹ wo ihò yíápíìsì náà: wáyà yíápíìsì ló ń bá fóònù fa FM.