Ìgbà Tó Yẹ Kí O Sanwó fún Olùdámọ̀ràn Òwò, àti Bí O Ṣe Lè Yan Ẹni Tó Dáa

Kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta kọ gbogbo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sílẹ̀. Ìwé ọmọléèwé ti tó. Èmi fo èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l’Abẹ́òkúta. Ọjà ń tà, owó ò dúró lọ́wọ́. Mo sanwó fún olùdámọ̀ràn kan, ó gbé ìwé ńlá lórí ìpolówó ọjà fún mi. Kò tilẹ̀ béèrè àwọn tó jẹ mí lówó. Ìgbà tí mo jókòó ti àkọsílẹ̀ fúnra mi ni mo rí i pé àwìn ló kúnbẹ̀: yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ogún yáàdì lọ́wọ́ oníbàárà kan láti Ìbàdàn, kò sí ọjọ́ ìsanwó lára ìkankan. Ó dùn mí gan-an.

Tó bá jẹ́ àwìn ni ìṣòro rẹ, dá ọjọ́ sí i. O ò nílò ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ owó orí, oníṣirò owó ló ni ín. Ìgbà tí o bá fẹ́ ṣe ohun tí o ò ṣe rí, bíi kíkó àdìrẹ lọ sókè òkun, ni olùdámọ̀ràn wúlò. Kí o tó náwó, béèrè lọ́wọ́ SMEDAN, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 fún àwa oníṣòwò kéékèèké.

Lẹ́yìn náà, kọ ìbéèrè rẹ ní gbólóhùn kan: “Èló ni yáàdì kan ń ná mi, láti orí aṣọ funfun, aró àti owó aláró, kó tó dé orí àtẹ?” Gbé e fún olùdámọ̀ràn mẹ́ta. Ẹni tó bá ti ń sọ ojútùú kó tó wo ìwé rẹ, fi í sílẹ̀.

Wo orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹni tí o bá fẹ́ yàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ ò sọ pé ó mọṣẹ́. Ní kó dárúkọ oníṣòwò méjì tó ti bá ṣiṣẹ́. Má fi fóònù nìkan pè wọ́n. Dé ṣọ́ọ̀bù wọn, kì báà jẹ́ Láfẹ́nwá tàbí Kútọ̀, kí o sì béèrè ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe lónìí nínú ohun tó kọ́ wọn.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iṣẹ́ tó máa ṣe, ọjọ́ tó máa parí, iye owó. Pín owó náà sí mẹ́ta. Má san ìdá tó kẹ́yìn títí o fi dá ìṣirò náà ṣe fún oṣù kan láìsí olùdámọ̀ràn náà níbẹ̀.