Bí a ṣe ń yan kátíríìjì fún ìbọn ọdẹ lágbègbè Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìbọn máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kátíríìjì wo ló le jù?" Mi ò tíì dáhùn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi náà á bi wọ́n padà: kí ló wà lẹ́yìn ẹran tí o fẹ́ yìnbọn sí? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé bàbá mi lọ sígbó, igbó ló wà lẹ́yìn igbó. Lónìí, ẹ gbéra láti Ìtóìkín kí ẹ máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ó rí i pé ilé ti ń yọrí níbi tí a ti ń pa ọ̀yà. Ọmọ ẹlòmíràn lè máa wẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí ẹ rò pé ewéko lásán ni.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, èyí tí a ń ṣẹ́ ní ìdí, ni mò ń sọ o. Kátíríìjì ni ọta tí a ń kì sí i, tí ẹ̀tù àti hóró òjé wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n lè fi sábẹ́ aṣọ láti dáàbò bo ara wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́: Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kà á mọ́ ìbọn tó jẹ́ èèwọ̀, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ tó ń kó kátíríìjì fúnra rẹ̀ àti èyí tí a ń fọwọ́ fà sẹ́yìn kó tó kó òmíràn, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá lásán kò gbà á fún yín. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àti ọ̀mùtí ní ìwé àṣẹ. Ẹ gba ìwé kí ẹ tó ra ọta, ọwọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti tà á sì ni kí ẹ ti rà á.

Ẹ kọ́kọ́ ka ara ìbọn

Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ yọ irin rẹ̀ kúrò lára igi, kí ẹ wá wo abẹ́ ìdí irin náà lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n á ti kọ 12/70 síbẹ̀, tàbí 12/65, tàbí 16/70. Tó bá ti dípẹtà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kò lò mọ́ àti epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ tó o.

Nọ́ńbà tó ṣáájú ni ìwọ̀n ihò ìbọn. Bí àwọn aláyé àtijọ́ ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: tí ẹ bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, tí ọ̀kan lára wọn sì wọ ihò ìbọn ṣinṣin, ìbọn 12 nìyẹn. Tí ẹ bá pín in sí 20, bọ́ọ̀lù á kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí ihò ìbọn 12 fi tó mílímítà 18.5, tí ti 20 sì jẹ́ 15.6 péré. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé 20 ló tóbi jù.

Nọ́ńbà kejì ni gígùn yàrá tí kátíríìjì ń jókòó sí, ní mílímítà. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré, kí ẹ fi sínú àpò tí ẹ ń gbé lọ ra ọta.

Ibi tí ìbọn ti ń bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́

Kí á fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni mo ti rí àwọn àgbà ọdẹ tó ṣìṣe.

Kátíríìjì tó tóbi ju ihò ìbọn lọ kò léwu púpọ̀, kò ní wọlé. Èyí tó kéré ló ń pani. Tí ẹ bá ki kátíríìjì 20 bọ ìbọn 12, á yọ̀ wọlé kọjá yàrá rẹ̀, á sì há sí ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ẹ fà á, kò dún, nítorí abẹ́rẹ́ ìbọn kò débẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ìbọn, ìdí rẹ̀ ṣófo. Ẹ ó rò pé ẹ gbàgbé ni, ẹ ó sì ki 12 tẹ̀ lé e. Kátíríìjì méjì ti wà lórí ara wọn nìyẹn, ibi tí ọ̀kan há sí yẹn gan-an sì ni ọwọ́ òsì yín ń di ìbọn mú.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Ẹ̀jìnrìn. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣọdẹ rí ojú ọ̀yà nínú iná orí rẹ̀, ó fà á, kò dún. Ó ṣẹ́ ìbọn, ó ní, "Áà, mi ò tiẹ̀ kì í." Ó ti mú kátíríìjì pupa jáde kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó gbé ìdí ìbọn sábẹ́ iná mi. Nínú lọ́hùn-ún, idẹ kékeré kan ń tàn bí ojú ẹja. Kátíríìjì 20 ni, ẹnì kan ló bù ú fún un mọ́ ti 12 nínú ọ̀rá kan náà. A ò fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ fi mọ́, a gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe, òun ló fi igi tì í jáde. Ẹ má fi irin gún un, ẹ má sì gbọ̀n ọ́n.

Lára ọta tó ń ti Amẹ́ríkà wá, àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n máa ń fún 20 kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ iná orí, ìyeyè àti funfun jọra, àwọ̀ 12 náà kò sì lópin. Òfin tèmi ni pé ìwọ̀n méjì kì í wọ àpò kan. Tí wọ́n bá fún mi ní ẹ̀bùn ọta tí kì í ṣe 12, mi ò ní gbé e wọlé rárá.

Ìdẹkùn kejì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ, orí gígùn ló wà. Kátíríìjì 76 tí a kò tíì yìn kò gùn tó 76. Ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká ló sọ ọ́ di kúkúrú, ìgbà tó bá dún tí ẹnu náà là ni á wá gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fi ń wọ ìbọn 12/70 wẹ́rẹ́, tí ìbọn á sì tì. Nígbà tó bá dún, kò sí àyè tó fún ẹnu rẹ̀ láti là, agbára á wá dá padà sí ìdí ìbọn. Nítorí náà, "ó wọlé, ó sì tì" kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu. Kátíríìjì 65 tàbí 70 nínú yàrá 70 kò burú, 76 nínú yàrá 70 kò sí. Àwọn ìbọn bàbá ńlá wa púpọ̀ jẹ́ 65, ẹ má fi 70 bọ̀ ọ́.

Nípa kátíríìjì tí àwọn kan ń tún ẹ̀tù àti irin wẹ́wẹ́ kì sínú rẹ̀: ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ tó.

Yíyan hóró

Nọ́ńbà ara páálí ń sọ bí hóró òjé inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni hóró ń kéré. Àwọn hóró ńlá ní orúkọ lẹ́tà, bíi BB, àti SG tó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n BB ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 4.1, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 4.57. Nọ́ńbà 6 náà kò dọ́gba láàárín wọn. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, mílímítà ni kí ẹ kà.

Nínú kátíríìjì 12 tó gbé òjé gíráàmù 32, tí ẹ bá fi ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì kà á, nọ́ńbà 6 á ní bíi hóró 300, nọ́ńbà 4 bíi 190, BB bíi 80, SG bíi 9. Àwọn tó ń wá "èyí tó le jù" á gbé SG, wọ́n á yìn ín sí ọ̀yà ní ogójì mítà, hóró mẹ́sàn-án á yí ẹran ká, ọ̀yà á lọ. Nínú mẹ́sàn-án yẹn, èyí tí kò bá nǹkan kan lè rìn ju mítà 600 lọ kó tó balẹ̀. BB lè kọjá 300. Nọ́ńbà 6 kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 200. Ẹ fi èyí wé àlàfo tó wà láàárín oko yín àti ilé tó kángun sí i.

Èmi ń lo nọ́ńbà 4 fún ọ̀yà, nọ́ńbà 6 fún àparò àti òkété, mi ò sì ń yìn ín ju mítà 35 lọ. SG, mi ò gbé e jáde ní Ẹ̀pẹ́ mọ́. Tí ìgalà bá yọ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí mi ò sì rí ebè ńlá tàbí ọ̀gbun lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó lọ. Akika ní tirẹ̀, òfin ń dáàbò bò ó, ẹ má yìnbọn sí i rárá.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lo ìbọn ọdẹ rẹ̀ láti ṣọ́ ilé, kó rántí pé hóró ńlá ń gba inú ilẹ̀kùn pákó kọjá lọ bá ẹni tó sùn sí yàrá kejì. Iná níta, ajá tó ń gbó, àti nọ́ńbà pàjáwìrì 767 tàbí 112 lórí fóònù ni mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé mi láti kọ́kọ́ lò.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó wọ igbó

Ìbọn méjì tí wọ́n jọ jẹ́ 12/70 kì í fọ́n hóró bákan náà, torí ẹnu òmíràn fún ju ti èkejì lọ. Ẹ tú àpò sìmẹ́ǹtì, kí ẹ fi èédú ya òbìrí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí i, kí ẹ gbé e síwájú ebè iyẹ̀pẹ̀ tó ga jù yín lọ. Ẹ ka ìṣísẹ̀ 30, ẹ yìn ín. Tí àyè tí àtẹ́lẹwọ́ yín lè bò bá wà nínú òbìrí náà tí hóró kankan kò bà, ẹ sún mọ́ ọn sí ìṣísẹ̀ 25, ibẹ̀ sì ni òpin yín pẹ̀lú kátíríìjì yẹn. Páálí kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ fi mẹ́ta dán an wò.

Bí ìbọn bá kọ̀, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò sí ẹnì kankan, kí ẹ ka oókan dé ọgọ́ta kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Bó bá dún fẹ́ẹ́ bí ẹni tú ìmí, ẹ má yin òmíràn, torí nǹkan lè ti há sínú irin. Ẹ yọ irin, kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ láti ìdí dé ẹnu.

Tí ẹran bá kú, ẹ gé ibi tí òjé bà dànù, kí ẹ sì yọ gbogbo hóró kí ìyàwó tó gbé e kaná. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa ń jẹ idẹ. Ike kọ́sítáàdì tí ìdérí rẹ̀ le ni mo ń kó ọta sí, pẹ̀lú àpò kéékèèké tó ń fa omi tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni mo sì ń tì í mọ́, ìbọn wà ní ibòmíràn. Èyí tí idẹ rẹ̀ bá ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, tàbí tí ara rẹ̀ wú, kò ní wọ ìbọn mi mọ́. Mo máa ń kọ oṣù tí mo rà á sórí ìdérí, èyí tó pẹ́ jù ni mo sì máa ń kọ́kọ́ mú.