Gbígba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó ń lo heparin tàbí warfarin fún àyẹ̀wò

Heparin àti warfarin jẹ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì; àyẹ̀wò APTT ni a fi ń ṣọ́ heparin, INR ni a fi ń ṣọ́ warfarin. Bí èsì APTT tàbí INR bá ṣì, oògùn tí dókítà máa kọ lẹ́yìn rẹ̀ náà á ṣì, aláìsàn ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í sábà jẹ̀bi. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Túùbù ọlọ́mọrí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò, èyí tó ní sodium citrate 3.2% nínú, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú túùbù. Ẹ̀jẹ̀ ìpín 9 sí citrate ìpín 1 ni: túùbù tó ní citrate 0.3 ml ń gba ẹ̀jẹ̀ 2.7 ml, títí dé ìlà ara rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ìlà, citrate á pọ̀ jù, á gbé calcium tí àyẹ̀wò nílò mì, ẹ̀jẹ̀ á sì pẹ́ kó tó dì, bí ẹni pé oògùn ti pọ̀ jù lára aláìsàn. Ẹ da irú túùbù bẹ́ẹ̀ nù. Ẹ má ṣe da méjì tí kò kún pọ̀ di ọ̀kan. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí hematocrit rẹ̀ (ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) ju 55% lọ, torí náà kí láàbù dín citrate rẹ̀ kù kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀.

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ butterfly, afẹ́fẹ́ inú rọ́bà rẹ̀ á gba àyè ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fà sínú túùbù kan tí ẹ máa dà nù. Búlúù gbọ́dọ̀ ṣáájú túùbù EDTA (èyí tó ní èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì). Ẹ rọra dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ má mì ín jìgìjìgì.

Ẹni tó wà lórí dírípù heparin, ọwọ́ kejì ni kí ẹ ti gba tirẹ̀. Wákàtí 6 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ni, àti wákàtí 6 lẹ́yìn gbogbo ìyípadà ìwọ̀n. Ẹ kọ aago náà sórí fọ́ọ̀mù. Láàrin wákàtí kan, kí láàbù ti fi ẹ̀rọ centrifuge yí i ní 1500 g fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, platelet (sẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) inú túùbù á tú èròjà kan jáde tó ń pa agbára heparin, APTT á kúrú, dókítà á sì fi kún oògùn ẹni tí tirẹ̀ ti tó. Èyí ló burú jù, torí pé túùbù náà kì í fi àmì kankan hàn. Ìlọ́po 1.5 sí 2.5 APTT ara líle tí ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ń lò kò bá gbogbo reagent (kẹ́míkà àyẹ̀wò) mu. Kí láàbù wá ìwọ̀n APTT tirẹ̀ tó bá anti-Xa (àyẹ̀wò tó ń wọn agbára heparin nínú ẹ̀jẹ̀) 0.3 sí 0.7 IU/ml mu.

Ti warfarin rọrùn díẹ̀. Túùbù INR lè wà nínú yàrá fún wákàtí 24, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sí fíríìjì, torí òtútù máa ń ta factor VII, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, jí. Ìṣòro tibẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bí PT (àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi dì nínú àyẹ̀wò INR) aláìsàn bá jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 30, tí ti àwọn ara líle jẹ́ 12.5, ìpín wọn jẹ́ 2.4. INR ni ìpín yìí tí a gbé sí agbára (power) ISI, nọ́ńbà tó ń sọ bí reagent ṣe ń fèsì sí. Tí ISI reagent bá jẹ́ 1.0, INR jẹ́ 2.4, ó wà láàrin 2.0 sí 3.0 tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń wá. Tí ISI bá jẹ́ 1.3, INR di 3.1. Torí náà, bí páálí reagent tuntun bá dé, ẹ wo nọ́ńbà lot rẹ̀ (nọ́ńbà ìdì tí wọ́n ṣe pọ̀), kí ẹ fi ISI rẹ̀ àti PT ara líle tuntun sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àkọ́kọ́ sí i.