Àpótí pákó tàbí kíréètì oníke: ìrírí mi, àti ìdí tó dí pa

Ọsàn tí mo fi ọwọ́ ara mi ká, tí kò ní àbàwọ́n kankan, ló bu mọ́ mi lọ́wọ́ nínú àpótí. Inú bí mi gidi. Mo gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí èébu ti bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ bí ẹni pé èékánná ha á. Èérún pákó àti orí ìṣó inú àpótí ló ṣe é.

Èébu aláwọ̀ ewé tó máa ń mú ọsàn, Penicillium digitatum, ojú ọgbẹ́ ló ń bá wọlé. Tí èèpo bá dá ṣáká, kò ráyè. Pákó ló ń dá ọgbẹ́ náà sí i lára, inú ojú pákó tó là náà ni èébu tún ń fara pamọ́ sí. Bó ti wù kí èèyàn fọ̀ ọ́ tó, kì í tán. Tí òjò bá pa á, á mu omi, á wúwo. Tó bá gbẹ, á máa fa omi ara èso. Àwọn tó ń kó èso gba ẹnubodè tún ní wàhálà tiwọn: ISPM 15, ìlànà àgbáyé lórí pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù kọjá ẹnubodè, kì í jẹ́ kí àpótí pákó kọjá lásán. Ọ̀kan lára ọ̀nà tó fọwọ́ sí ni kí wọ́n fi ooru sè é títí àárín pákó á fi dé 56°C fún odidi 30 ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó lù ú ní òǹtẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kan ike.

Bí mo ṣe pinnu pé ike ni mo máa rà nìyẹn. Owó rẹ̀ ju ti pákó lọ dáadáa, mo sì gbà láti san án, torí àpẹẹrẹ tí ọlọ́jà kọ́kọ́ fún mi wù mí: ihò yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, ihò wà nídìí, inú rẹ̀ ń dán, kò sí igun tó mú.

Ìgbà tí ọjà dé ni mo rí i pé ìdí gbogbo wọn dí pa.

Mo pe ọlọ́jà. Ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá mi, ihò ẹ̀gbẹ́ ti tó.” Kò tó rárá! Èso tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ṣì ń mí, ó ń tú ooru àti omi jáde. Tí a bá to kíréètì léra, afẹ́fẹ́ ní láti rí ibi gbà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo kó ọsàn sínú àpẹẹrẹ, mo kó sínú tuntun náà, mo fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru bọ àárín méjèèjì. Ti àpẹẹrẹ ń tutù bọ̀, ti tuntun kò kúrò lójú kan. Nígbà tí mo kó wọn jáde, omi ti dúró sí ìdí tuntun, àwọn ọsàn ìsàlẹ̀ ti rin gbindin.

Ó ní kí n fi irin gbígbóná lu ihò sí i fúnra mi. Ṣé èmi tí mo sanwó ọjà pé ni kí n tún parí iṣẹ́ rẹ̀? Etí ihò bẹ́ẹ̀ máa ń mú, á tún máa ha ọsàn, ohun tí mo sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Ìdí kíréètì náà kò ní lágbára tó mọ́ láti gbé ẹrù. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ni kò bá gbé ìpè mi mọ́. Àfìgbà tí mo ya fọ́tò ìdí méjèèjì pa pọ̀, tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì tí wọ́n kọ “onihò nídìí” sí, kó tó fèsì. Ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo san owó ọkọ̀ ìdápadà, ó sì ń dùn mí di ìsinsìnyí.

Èyí tó wá kó dé yẹn, mo lè fi yangàn. Ọsàn mi ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kíréètì kúrò ná kí n tó rì í sínú omi chlorine tó wà láàárín 100 sí 200 ppm (ìyẹn ìdá 100 sí 200 nínú mílíọ̀nù kan), torí ìdọ̀tí máa ń pa agbára chlorine.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ dojú kíréètì dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ kí onímọ́tò tó lọ. Kí àpẹẹrẹ má kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fi ohun tó ń dènà oòrùn sí ike náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gbẹ, á sì máa sán. Pákó tó fọ́, káfíńtà á tún un ṣe. Ike tó sán, ẹ máa ra òmíràn ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dáná sun àwọn àpótí pákó mi. Àgbọn ni mò ń kó sínú wọn báyìí.