Ìwé inṣọ́ránsì Amẹ́ríkà tó ní “You may owe”: ẹ má tíì sanwó

Béèyàn bá gba ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ìwé tó sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ló ń kọ ọ́, EOB (Explanation of Benefits, àlàyé ohun tí inṣọ́ránsì máa san) ni wọ́n ń pè é. “This is not a bill” (èyí kì í ṣe bíìlì) máa ń wà lára rẹ̀, iye kan á sì wà níwájú “You may owe”. Gbèsè tó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ jẹ nìyẹn, kò tíì di sísan. Ẹ tọ́jú ẹ̀ títí bíìlì ilé ìwòsàn fi máa dé, kẹ́ ẹ wá gbé méjèèjì síra wọn: ọjọ́ ìtọ́jú, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, iye owó.

Ká ní ilé ìwòsàn pe owó ní $2,400, àmọ́ tí àdéhùn òun àti inṣọ́ránsì jẹ́ $1,700. Tó bá wà nínú network yín (àwọn tó bá inṣọ́ránsì yín ṣàdéhùn), kò gbọ́dọ̀ béèrè $700 tó lé yẹn lọ́wọ́ yín. Tí deductible yín (iye tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ dá san lọ́dún kí inṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í san) bá jẹ́ $1,500, tẹ́ ẹ ò sì tíì san kọ́bọ̀ nínú ẹ̀ lọ́dún náà, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ó ku $200. Tí coinsurance (ìpín tiyín nínú owó tó kù) bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, $40 ni tiyín níbẹ̀. $1,540 ni gbèsè yín.

Bíìlì tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe billing office (ọ́fíìsì tó ń kọ bíìlì), kẹ́ ẹ béèrè itemized bill, ìyẹn bíìlì tó to iye owó nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì kọ̀wé sí inṣọ́ránsì rárá, tàbí nọ́ńbà káàdì yín ni wọ́n kọ ṣì. Ti ìkókó tí orúkọ ẹ̀ ò tíì sí lọ́dọ̀ inṣọ́ránsì ló burú jù: inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ sábà máa ń fún òbí ní ọjọ́ 30 péré láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìkómọ, ọjọ́ ti lọ.

Bówó ò bá sí lọ́wọ́, ẹ má fi credit card san án. Tó bá ti bọ́ sórí káàdì, èlé wọ̀ ọ́ nìyẹn, ó sì lè ṣòro fún ilé ìwòsàn láti dá sí i mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé ìwòsàn nonprofit (èyí tí kì í ṣe fún èrè) ní ètò ìrànlọ́wọ́ owó: ẹ béèrè fọ́ọ̀mù financial assistance. Ẹ ní ọjọ́ 240 láti ìgbà tí bíìlì àkọ́kọ́ ti jáde láti fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Fún ọjọ́ 120 àkọ́kọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ pè yín lẹ́jọ́.

Tí agbowó-gbèsè bá pè, ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí “Do you owe this?” (ṣé ẹ jẹ gbèsè yìí?). “Ẹ ṣe sùúrù, màá rí nǹkan fi ránṣẹ́” tá a máa ń sọ nílé ò wúlò níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá san lè sọ gbèsè tó ti gbó di tuntun lójú òfin. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́. Tó bá dé, ẹ ní ọjọ́ 30 láti kọ̀wé pé ẹ ò gba gbèsè náà, tẹ́ ẹ bá sì ti kọ ọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ béèrè owó náà lọ́wọ́ yín mọ́ títí wọ́n á fi mú ẹ̀rí wá.