Bí A Ṣe Ń Yọ Hísítónì Lára Ọmọ Inú Ẹyin Láìjẹ́ Kí Àmì Ara Rẹ̀ Pa Rẹ́

Hísítónì ni purotéènì tí okùn DNA ń wé mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àmì ara rẹ̀ ni àwọn èròjà kékeré tí a so mọ́ ọn, tó ń ran jíìnì (ìtọ́ni tó wà nínú DNA) lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ tàbí láti dákẹ́. Ẹyin orí kéréètì tí ẹ ń rí ní Ọjà Tuntun nílùú Ifẹ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, torí pé àwọn adìẹ tó ń yé e kì í sábà rí àkùkọ. Oko tí àkùkọ wà láàárín àgbébọ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ kó 24 sínú ẹ̀rọ ìsàba ní 37.5 °C, kí ẹ sì máa yí wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, apá àti ẹsẹ̀ á ti yọ pẹlẹbẹ bí orí ṣíbí kékeré. Jíìnì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó dákẹ́ ló yàtọ̀.

Hísítónì mẹ́jọ máa ń kóra jọ, okùn DNA tó gùn tó lẹ́tà 147 á sì wé mọ́ wọn. Ìrù wọn yọ síta, ibẹ̀ sì ni ẹnsáìmù, purotéènì tó ń mú kí nǹkan yí padà, ti ń so àmì mọ́ ọn tàbí yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo láísíìnì 27, ìyẹn ámínò ásíìdì kẹtàdínlọ́gbọ̀n, lórí ìrù H3, ọ̀kan lára àwọn hísítónì náà. Bí ẹnsáìmù p300 bá so àmì tó ń jẹ́ ásétìlì mọ́ ọn, jíìnì tó wà nítòsí á lè ṣiṣẹ́. Bí ẹnsáìmù EZH2 bá so àmì mìíràn, métìlì mẹ́ta, mọ́ ọn, jíìnì náà á dákẹ́. Ìjókòó kan ṣoṣo ni. Àfi kí ẹnsáìmù HDAC kọ́kọ́ yọ ásétìlì kúrò kí EZH2 tó ráyè.

HDAC yìí kì í dáwọ́ dúró torí pé ẹ fọ́ ẹyin. Á ṣì máa nu àmì tí ẹ fẹ́ kà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi sódíọ̀mù bútíréètì 5 mM, tó ń dá HDAC dúró, sínú omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ àti èyí tí a fi ń lọ̀ ọ́.

Orí yìnyín ni kí ẹ ti gé apá àti ẹsẹ̀ ọmọ inú ẹyin náà, kí wọ́n má dàpọ̀. Ẹ fi PBS (omi oníyọ̀ tí kì í ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́) tútù fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lọ̀ ọ́ nínú mílílítà kan PBS tó ní Triton X-100 0.5% (ọṣẹ tó ń tú sẹ́ẹ̀lì) àti PMSF 2 mM (tó ń dá ẹnsáìmù tó ń gé purotéènì dúró), kó wà lórí yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. PMSF máa ń bàjẹ́ nínú omi. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an ni kí ẹ pò ó. Ẹ fi centrifuge yí i ní 6,500 × g fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ da omi orí rẹ̀ nù. Ẹ fi HCl 0.2 N, 200 µL, po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, kó wà ní 4 °C mọ́jú. Bí iná bá ń ṣe ségesège, kúlà tó kún fún yìnyín sàn ju fíríìjì lọ.

Láàárọ̀, ẹ tún yí i. Omi orí ni hísítónì wà lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má dà á nù o! NaOH 2 M, 20 µL, ni ẹ ó fi pa àsìídì rẹ̀.

Lórí jẹ́ẹ̀lì 15%, tó ń to purotéènì gẹ́gẹ́ bí ìwúwo wọn ní kDa, H3, H2B, H2A àti H4 á tò láti nǹkan bíi 17 kDa wá sí 11. Bí ìlà mìíràn bá yọ lábẹ́ H3 nígbà tí ẹ bá fi ántíbọ́dì H3 (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ H3) wò ó, ó ṣeé ṣe kí ìrù náà ti já, àmì tó wà lórí rẹ̀ sì ti bá a lọ: PMSF ló ti bàjẹ́, tàbí yìnyín ló tán. Bí H3 bá pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ásétìlì kò hàn nínú apá àti ẹsẹ̀, bútíréètì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.