Ìrírí mi: bí mo ṣe gba àwọn ọmọ mi padà, àti oṣù mẹ́jọ tí mo fi ṣòfò

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ṣòfò, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹjọ́ náà kò le. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe? Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá ti mọ kóòtù tó yẹ kí n gbà lọ, ǹ bá ti tètè wá ìwé tó yẹ, àwọn ọmọ mi ì bá sì ti máa sùn nílé mi tipẹ́.

Télọ̀ ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọmọ méjì ni mo bí, obìnrin ọmọ ọdún 8 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 5. Ó ti lé ní ọdún 3 tí èmi àti bàbá wọn kò ti gbé abẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Ọ̀dọ̀ mi làwọn ọmọ wà, ó ń wá wò wọ́n nígbà tó bá fẹ́, n kò dí i lọ́wọ́ rí. Lẹ́yìn Kérésìmesì ló wá mú wọn pé wọ́n ń lọ kí ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ilé-ìwé wọlé, n kò rí ọmọ. Mo pè é, ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lọ́hùn-ún. Mo wọkọ̀ lọ. Ojú fèrèsé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dá mi lóhùn, ó ní kí n máa lọ sílé, bàbá ló lọmọ. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọkùnrin mi lẹ́yìn ilé. Wọn kò jẹ́ kí n rí i.

Mo fẹ́ padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àwọn àbúrò mi ọkùnrin, ká kó àwọn ọmọ náà jáde. Ìyá mi ló dì mí mú. Inú mi dùn lónìí pé ó dì mí mú, torí nígbà tí mo dé iwájú adájọ́, ohun tí bàbá wọn ṣe ló wà nílẹ̀, kò sí tèmi.

Gbogbo ará àdúgbò ni wọ́n ní kí n lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, ibẹ̀ làwọn ará ilé wa máa ń lọ. Oṣù kejì ni mo lọ. Ọkùnrin kan bá mi kọ ìwé, mo san owó, wọ́n fún mi ní ọjọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ pé, bàbá àwọn ọmọ kò yọjú. Ọjọ́ kejì, kóòtù kò jókòó. Ọjọ́ kẹta, ó yọjú, ó ní lọ́yà òun rìnrìn àjò. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń wọ aṣọ tó dáa, tí mo ń jókòó sórí bẹ́ńṣì láti aago 8. Nínú oṣù kẹfà ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi. Ìyá tó jẹ́ ààrẹ kóòtù náà wo ìwé mi, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ìdána nìkan lẹ ṣe ni, àbí ẹ tún ṣe ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní a ṣe méjèèjì. Ìdána ní Ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé.

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì fún yín ní sátífíkéètì?"

Bàbá àwọn ọmọ ló gbà á mọ́ mi lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Ọwọ́ mi ló wà."

Ó dé fáìlì. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, n kò sì bínú sí i rárá. Ó ní ìgbéyàwó tó bá ti ní sátífíkéètì yẹn ti kúrò lọ́wọ́ kóòtù ìbílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti san owó orí ìyàwó tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ nìkan ló lè dá a, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970, bọ́rọ̀ àwọn ọmọ ṣe bá ẹjọ́ náà rìn nìyẹn. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ dá ẹjọ́ náà fún mi, ẹnikẹ́ni lè wọ́gi lé e lọ́la. Àwọn tí mo bínú sí ni àwọn tó gba ìwé mi ní oṣù kejì, tí wọ́n gba owó mi, tí wọ́n ń sún mi kiri láìbi mí ní ìbéèrè ìṣẹ́jú kan yẹn. Mo ṣírò rẹ̀ nínú ìwé òṣùwọ̀n mi: owó ìwé, owó ọkọ̀, àti aṣọ tí mo dá padà fún àwọn oníbàárà torí n kò rí àyè rán an, ó lé ní ₦90,000.

Kí n tètè sọ ọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ kò rí bíi tèmi: bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ náà ni ibi tó yẹ yín, wọ́n sì máa ń wo ire ọmọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí pásítọ̀ bá sì gbàdúrà fún yín láìfún yín ní sátífíkéètì ìjọba, ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Oníbàárà mi kan tí mo máa ń rán bùbá fún ló mú mi lọ bá lọ́yà obìnrin kan tó wà nínú FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin. Wọ́n máa ń bá obìnrin àti ọmọdé tí kò lówó lọ́wọ́ ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní oṣù kejì pé irú rẹ̀ wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi sọ ìtàn mi, ó gbọ́ ọ, ó ní ẹjọ́ mi dára, pé ọdún 3 tí a kò ti gbé pọ̀ yẹn gan-an tó láti béèrè ìkọ̀sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ n rí sátífíkéètì ìgbéyàwó yín."

Kò sí lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ọkọ ló wà. N kò ya fọ́tò rẹ̀ rí, n kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ rí, láti ọdún 9 tí wọ́n ti fún wa. Ó ní òun kò fẹ́ fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀ láìsí i, pé ká má fún lọ́yà tọ̀hún ní ohun tí yóò fi dá wa padà.

Ibí yìí ni iná ti jó dóríi kókó.

Ìjọba ìbílẹ̀ tí a ti kọ orúkọ wa sílẹ̀ kí a tó ṣègbéyàwó ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ rántí pé wọ́n máa ń lẹ orúkọ tọkọtaya mọ́ ara ògiri fún ọjọ́ 21 kí wọ́n tó gbà wọ́n láàyè. Akọ̀wé ibẹ̀ ṣí ìwé ńlá, a rí orúkọ wa, a rí ọjọ́ tí a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n sátífíkéètì fúnra rẹ̀, kò sí nínú fáìlì. Ó ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ rí fún mi. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba bá fún láṣẹ láti so yìgì máa ń ní ìwé kan tí sátífíkéètì ń wà nínú rẹ̀ ní méjì méjì, pẹ̀lú kùkùté tó máa ń kù sínú ìwé. Ọ̀kan fún tọkọtaya. Ìkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ ya á, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí rẹ́jísírà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 7. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Tiwa kò dé ibẹ̀ rí.

Bí mo ṣe ń jáde, ọkùnrin kan tó ń rìn ká inú ọgbà náà tẹ̀ lé mi. Ó ní òun lè bá mi ṣe òmíràn tó máa jọ ojúlówó ní ₦40,000, kò ní ju ọjọ́ méjì lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo kọ̀ fún un. Bí mo bá gbé ayédèrú ìwé wọ iwájú adájọ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kí wọ́n fi ọmọ sí ìkáwọ́ mi?

Mo gba ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìgbà mẹ́fà ni mo lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, akọ̀wé ìjọ ní kí n padà wá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo padà wá, ó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti lọ sí àpéjọ. Ìgbà kẹta, ó ní pásítọ̀ tó so wá pọ̀ ti lọ sí ìlú mìíràn, òun kò lè dá fọwọ́ kan ìwé. Ìgbà kẹrin ló sọ èyí tó gún mi lọ́kàn jù: ó ní kí ọkọ mi kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i kí wọ́n fún mi.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀yin sà, orúkọ mi ló wà nínú ìwé yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bu ọwọ́ lù ú níwájú gbogbo ìjọ. Ta ni kí n tún tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó ní kí n má pariwo nínú ilé Ọlọ́run. Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, mo sunkún. Ọjọ́ ìbí ọmọkùnrin mi ni ọjọ́ yẹn. Mo ti ra bàtà fún un, bàtà náà wà nínú báàgì mi.

Nígbà tí mo lọ ní ìgbà karùn-ún tí ọ̀rọ̀ kò yí padà, lọ́yà mi kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó rán wọn létí ọjọ́ 7 tí òfin là sílẹ̀, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi tiwa ránṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù níṣojú mi, ó gbọn eruku kúrò lára ìwé náà, ó sì ń ṣí i ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rí i. Orúkọ mi, orúkọ rẹ̀, ìbuwọ́lù bàbá mi tó ti kú. Ìkejì sátífíkéètì wa ṣì wà lára kùkùté rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ya á láti ọdún 9. Kì í sì ṣe tiwa nìkan. Ti àwọn tó ṣègbéyàwó ṣáájú wa àti lẹ́yìn wa wà níbẹ̀ bákan náà, àwọn èèyàn tí wọn kò mọ̀ pé ìjọba kò ní ẹ̀dà ìwé wọn. Pásítọ̀ náà bẹ̀ mí. Mo gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kó pe àwọn yòókù náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà láti ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́, èmi náà búra ní kóòtù, rẹ́jísírà tún gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà fún mi. Mo bi lọ́yà mi bóyá àìfiránṣẹ́ yẹn ti ba ìgbéyàwó náà jẹ́, ó ní rárá, àṣìṣe àlùfáà kò lè tú yìgì tọkọtaya.

Òpin oṣù kẹsàn-án ni ìwé ìpẹ̀jọ́ tó wọlé. Bí wọ́n ṣe ń fi ìwé sílẹ̀ àti bí báílífù ṣe ń mú un lọ, lọ́yà yín yóò ṣe ìyẹn. Ibi tó kàn mí gan-an ni apá tí òbí gbọ́dọ̀ ti kọ ètò tó ní fún àwọn ọmọ: ibi tí wọ́n á máa sùn, ilé-ìwé wọn, iye tó ń wọlé, ẹni tí yóò wà pẹ̀lú wọn nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin tí bàbá àwọn ọmọ mi ń tẹ̀ lé wá, ojú ewé mẹ́rin. Lọ́yà mi dá mẹ́ta àbọ̀ padà. Ó sọ fún mi nípa ẹjọ́ Odogu àti Odogu tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 1992, pé wọn kì í fi ọmọ san èrè fún òbí tó hùwà dáadáa, wọn kì í sì í fi ọmọ jẹ òbí tó ṣẹ̀ níyà. Ire ọmọ ni wọ́n ń wò, bí òfin 1970 náà ṣe wí ní abala 71, tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì tún tẹnu mọ́ ọn. Ó dùn mí, mo fẹ́ kí adájọ́ mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tirẹ̀. Mo jókòó lóru, mo kọ ètò ọmọ méjèèjì sínú ìwé òṣùwọ̀n mi, láti aago 6 àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá sùn, pẹ̀lú orúkọ ìyá mi tó ń gbé yàrá kejì. Lọ́yà mi ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ tún un ṣe. Mo ń fi ìyẹn yangàn.

A béèrè pé kí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ mi kí ẹjọ́ tó parí. Ní oṣù kọkànlá, adájọ́ mú ọmọbìnrin mi wọ yàrá rẹ̀, òun àti akọ̀wé obìnrin kan. Wọ́n pẹ́ díẹ̀. N kò tíì bi ọmọ náà ní ohun tó sọ níbẹ̀, n kò sì ní bi í. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n pàṣẹ kí wọ́n dá wọn padà sọ́dọ̀ mi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo rí wọn. Bàtà tí mo rà kò wọ ọmọkùnrin mi lẹ́sẹ̀ mọ́.

Ìyókù ẹjọ́ náà kò gba agbára púpọ̀. Bàbá wọn gbà láti fẹnu kò. Ibì kan péré ni mo ti takú: lọ́yà rẹ̀ kọ ọ́ pé bàbá yóò máa rí àwọn ọmọ "ní àsìkò tó bá yẹ". Mo ní rárá. Àsìkò tó yẹ lójú ta ni? Ọ̀rọ̀ "ọ̀sẹ̀ kan" ló sọ mí di ẹni tí kò rí ọmọ fún oṣù mẹ́wàá. A kọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́: Sátidé kejì àti ìkẹrin, láti aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, ìdajì ọlidé kọ̀ọ̀kan, kó fi ọjọ́ méje sọ fún mi bí yóò bá mú wọn jáde ní Ìbàdàn, àti iye tí yóò máa san lórí owó ilé-ìwé. Ó ṣe bàbá wọn náà láǹfààní, torí èmi náà kò lè sọ pé Sátidé yìí kò rọ̀ mí lọ́rùn. Adájọ́ sọ ọ́ di àṣẹ, ìkọ̀sílẹ̀ náà sì fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀dà mẹ́rin tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ni mo gbà lọ́wọ́ kóòtù. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wọn, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá mi, ọ̀kan nínú àpótí mi, ọ̀kan nínú báàgì tí mò ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò rẹ̀ àti ti sátífíkéètì sì wà lórí fóònù mi. Sátidé tó kọjá, bàbá wọn dá wọn padà ní aago 6 ku ìṣẹ́jú 10. Ìyá rẹ̀ fi wàràkàṣì ránṣẹ́ sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbà á, mo pè é lórí fóònù, mo dúpẹ́.